Ọkọ̀ Tútù Ìlú Àlòkù

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kí ó tètè wú u tán, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ mọ̀ mí. Èmi Ògúnkẹ́yẹ̀ nìyí, èmi tí mo bá iwin jìjàkadì láti òwúrọ̀ títí ó fi bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun lọ jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìndé ni, ọ̀rẹ́ mi, ọdẹ bíi tèmi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ìbọn í yìn tó mi. Mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú.

Tìámíyù mẹkáníìkì, mo rí ọ níbi tí o jókòó sí. Ìtàn mọ́tò ni. Bí mo bá dé ibi tí o ti mọ̀ jù mí lọ, máa rẹ́rìn-ín sínú.

Ọdẹ́rìndé ní ìyàwó kan tí ń jẹ́ Àyọ̀ká. Amọ̀kòkò ni. Bí ẹ bá mu omi tútù nílùú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé inú ìkòkò Àyọ̀ká ni wọ́n ti bù ú. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó kọ́kọ́ rò pé èéfín ibi tí òun ti ń sun ìkòkò ló kó sí i. Nígbà tó yá, ó ń na ọwọ́ sí àwo, ó ń bá ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, ó kọjú sí òpó, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí ó dúró sí. Ọdẹ́rìndé kò sọ fún un pé òpó ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó fẹ́ràn obìnrin yìí, èmi ni mo ń sọ ọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́.

Ní Ìlú Ìmọ́lẹ̀, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Màmá Aṣíjú, ojú nìkan ni ó ń wò. Ọdẹ́rìndé rán ẹyẹlé sí i, ẹyẹlé sì mú èsì wá. Màmá Aṣíjú ní, "Gbé e wá kí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé yìí tó parí. Bí oṣù yìí bá parí, ojú náà parí nìyẹn, kí o má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn bí kì í bá ṣe ti Pápá Gbalasa tí ó wà láàrin ìlú wa àti Ìmọ́lẹ̀. Ẹbọra kan ló ni pápá náà, Amúnilẹ́yìn ni orúkọ rẹ̀. Láti ìbàdí lọ sókè, ènìyàn ni. Láti ìbàdí wá sílẹ̀, ìjì ni. Kì í kọlu ènìyàn láti iwájú, ojú ń tì í. Ẹ̀yìn ló ti ń mú ènìyàn, ohunkóhun tí ó bá sì mú, òkìtì ọ̀gán ni ó ń sọ ọ́ dà. Ó mú lọ́rí, nítorí ẹ̀yìn lọ́rí gùn. Ó mú ọ̀kadà, ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n gbé ló dì mú. Kí ènìyàn tó lè kọjá níbẹ̀, ó ní láti rí ọkọ̀ kan tí kò ní ìdí rárá, tí ó kéré, tí ó sì lè sáré ju ìjì lọ. Àwọn àgbà ìlú ní irú rẹ̀ kò sí nílùú wa, àfi ní Ìlú Àlòkù, lẹ́yìn Igbó Gbàǹgìdì, níbi tí gbogbo ohun tó ti gbó lọ́wọ́ ènìyàn ń kó ara wọn jọ sí.

Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn kọ́ èjìká, ìbọn bàbá rẹ̀ ni, ó ní kí Àyọ̀ká má mikàn, ó sì kọrí sínú igbó. Nígbà èwe rẹ̀, ó ti wa lọ́rí fún àwọn agégẹdú rí, ohun tí ó sì gbà lọ́kàn ni pé ẹni tí ó bá ti wa lọ́rí, kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa mọ́tò.

Lẹ́nu ọ̀nà Igbó Gbàǹgìdì, iwin kan jókòó tí etí rẹ̀ tó ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹlẹ́tí ni wọ́n ń pè é. Ó na ọ̀kan nínú etí rẹ̀ dínà.

Ó ní, "Ọdẹ, ilé kékeré kan, ilẹ̀kùn márùn-ún, ẹnìkan kì í gbé ibẹ̀. Mẹ́rin ń wo ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan ń wo òkè. Kí ni?"

Ọdẹ́rìndé ní, "Ihò ọ̀kẹ́rẹ́ ni."

"Kì í ṣe òun. Pọ̀n mí."

Òfin ibẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì í, yóò pọn Ẹlẹ́tí yí igi àràbà kan po. Ẹ má sì rò pé iwin fúyẹ́ o. Ọdẹ́rìndé pọ̀n ọ́n yí igi náà po, ó gbé e kalẹ̀, ó ní ìgbá ni, iwin ní kì í ṣe òun, ó tún pọ̀n ọ́n. Ó ní àkàbà ni, ó tún pọ̀n ọ́n. Bí ó ti ń pọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, tí gìgísẹ̀ iwin ń gbá a níkùn, ó ṣàdédé dúró.

"Ọkọ̀ ni! Ọkọ̀ tí mo ń wá gan-an ni! Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn karùn-ún wà, òkè ló ń ṣí sí!"

Ẹlẹ́tí bọ́ sílẹ̀ tìbínú-tìbínú, nítorí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni. Ó ní, "Máa lọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ohun tuntun ní Ìlú Àlòkù. Ohun tí ó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, tí o bá ti lò ó gbó, ìyẹn nìkan ni wọn yóò gbà fi ṣe pàṣípààrọ̀." Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ìgbà kìíní ni mo máa já àlọ́ náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ìlú Àlòkù! Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti lò rí. Oòrùn tó ń ràn níbẹ̀, ìlú mìíràn ló kọ́kọ́ ràn sí. Òjò wọn ti rọ̀ rí. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé wọlé, wọ́n kí i pé, "Ẹ kú ìnáwó," nítorí pé ẹnìkan ṣe ìnáwó níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kíkí náà sì ṣì dára, wọn ò rí ìdí tí wọ́n fi máa sọ ọ́ nù. Ó dá wọn lóhùn pé wọn á bá òun ná an.

Àwọn ọkọ̀ wà ní pápá gbalaja kan, wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹran. Àwọn kan dùbúlẹ̀, àwọn kan ń mirí. Láàrin wọn ni ó ti rí ọ̀kan: ó pupa bí ẹ̀jẹ̀ etu, ó ń kọ mọ̀nà, ó kúrú, wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ gé gẹ́rẹ́. Ọkùnrin tó ni ín wọ agbádá tó ń dán, ojú rẹ̀ ń dán, eyín rẹ̀ ń dán. Adánmáadán ni orúkọ rẹ̀.

Adánmáadán ní, "Ọmọ mi, ojú rẹ mọ nǹkan. Ìyá arúgbó kan ló ni ín, ọjọ́ ọ̀sẹ̀ nìkan ló fi ń gbé e lọ sí ibi àdúrà. Wo ara rẹ̀. Ǹjẹ́ o rí ibi tó ti bó?"

Ọdẹ́rìndé wọ inú rẹ̀. Ojú ọdẹ rẹ̀ rí i pé rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ti jẹ títí tó fi dán bí orí àgbà tó pá. Bí ó bá jẹ́ ojú ẹsẹ̀ ẹran ni, ì bá ti sọ pé ẹran yìí ti rìn la ilẹ̀ méje kọjá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lójú. Ó gbé ojú kúrò lára rọ́bà, ó jáde, ó lọ sí iwájú ọkọ̀ náà, ó sì ṣe ohun tí ọdẹ máa ń ṣe bí ó bá bá òkú ẹran nínú igbó. Ó gbé ọwọ́ lé e.

Ó gbóná.

Inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, ẹran tí ó bá gbóná, ẹran tuntun ni, kò tíì bàjẹ́, a lè gbé e délé láìfòyà. Èyí tó bá ti tutù ni a máa ń fi ìfura wò. Ogójì ọdún ni Ọdẹ́rìndé ti fi ọwọ́ lé ẹran, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì tàn án rí.

Mo ní kí o pa ẹnu mọ́, Tìámíyù. Gbogbo wa la gbọ́ ẹ̀rín rẹ.

Ọdẹ́rìndé ní, "Ó gbóná dáadáa!"

Adánmáadán ní, "Àbí o ò rí i? Ara rẹ̀ yá ni." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi agbádá bo àwo ẹyin iná kan tó wà lábẹ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n ṣíná sí i, ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó gbà. Ohun tí Adánmáadán gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìbọn bàbá rẹ̀. Ọdẹ́rìndé fi ọwọ́ pa ìdí ìbọn náà lẹ́ẹ̀kan kí ó tó fi í sílẹ̀. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó rántí bí Àyọ̀ká ṣe ń bá òpó sọ̀rọ̀, ó sì gbé e fún un.

Ọkọ̀ pupa náà gbé e délé ní ìdajì ọjọ́. Gbogbo wa jáde wá wò ó. A ní kí ó fún wa ní ohun tí a máa fi fọ̀ ọ́, ó ṣe wá lálejò, a jẹ, a mu, a gbàdúrà pé ọkọ̀ á gbé e, kò ní í gbé ẹ̀mí rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbàdúrà tó gùn jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé Àyọ̀ká jókòó, ó ṣíná sí ọkọ̀. Kò dún. Ó tún un ṣí. Ó húkọ́, èéfín aláwọ̀ aró tú jáde ní ìdí rẹ̀, ó gbọ̀n, ohun kan já nínú rẹ̀ wàràwàrà bí ìgbà tí àwo bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ó kú pátápátá. Látọjọ́ náà, kò dún mọ́.

Àyọ̀ká jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ara ọkọ̀ náà láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn, ó ń fi etí sí i. Níbì kan ó dún gbàn, níbì kan ó dún pù.

Ó pe ọkọ rẹ̀ bí ó ti máa ń pè é, ó ní, "Bàbá Ìyíọlá, pọ́tì tó dà bí amọ̀ ni wọ́n fi dí gbogbo ẹ̀gbẹ́ yìí. Ó ti fọ́ rí. Báwo lẹ ṣe rà á?"

"Mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná."

"Ó gbóná?"

"Ẹran tó bá gbóná…"

"Ṣé ẹran ni?" Inú bí i, kò sì pa á mọ́ra. "Ìkòkò gbígbóná lẹ lọ rà! Bí ìkòkò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde, ta ló lè mọ èyí tó sán nínú rẹ̀? Gbígbóná ló ń pa ẹnu sísán dé. Èmi kì í ta ìkòkò títí á fi tutù, nítorí ìgbà tó bá tutù ló ń sọ òótọ́. Kí lẹ fún wọn?"

Ọdẹ́rìndé wo ilẹ̀. "Ìbọn."

"Ìbọn Bàbá?"

Àyọ̀ká na ọwọ́ síwájú, ó wá èjìká rẹ̀ kàn, ó fọwọ́ pa ibi tí okùn ìbọn máa ń wà. Ìbínú náà kúrò lójú rẹ̀, àánú ọkọ rẹ̀ ló kù. Ó ní, "Ó ku ọjọ́ mélòó kí oṣù parí?"

"Mẹ́fà."

"Ẹ mú mi dání. Àwa méjèèjì la ó jọ lọ."

Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó mú òkúta kékeré kan nínú agbọ̀n iṣẹ́ rẹ̀. Òkúta tó fi ń dán ara ìkòkò ni, ìyá rẹ̀ lò ó, ìyá ìyá rẹ̀ lò ó, ó ti jẹ títí ó fi bá àtàǹpàkò rẹ̀ mu. Ó so ó mọ́ ìdí aṣọ. Èmi ni mo sìn wọ́n dé ẹnu igbó, n ò sì wọlé, kì í ṣe nítorí ẹ̀rù o. Ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ẹlẹ́tí rí wọn, inú rẹ̀ dùn, ó ti ń na ẹsẹ̀ de ẹ̀yìn Ọdẹ́rìndé. Ó ní, "Mo wọ inú iná, mi ò jóná. Mo jáde, mo di ilé omi. Ta ni mí?"

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín. Ó tó oṣù mẹ́rin tí ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ó ní, "Ìkòkò. Èmi ni mo máa ń bí ọ."

Ẹlẹ́tí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn pọn òun díẹ̀, àní kí wọ́n pọn òun dé ìdí igi yẹn lásán. Àyọ̀ká ní tí àwọn bá ń bọ̀. Ó yà fún wọn lọ́nà.

Ní Ìlú Àlòkù, Adánmáadán tún sáré pàdé wọn, ìbọn bàbá Ọdẹ́rìndé ló gbé kọ́ èjìká. Ọdẹ́rìndé rí i. Àyọ̀ká ò rí i, ọkọ rẹ̀ kò sì sọ fún un. Àyọ̀ká fọwọ́ kan ọkọ̀ kìíní tí Adánmáadán fi hàn án, ó ní ó gbóná. Ó fọwọ́ kan èkejì, ó gbóná. Ó fọwọ́ kan ìkẹta, ó ní, "Bàbá, gbogbo ọjà yín ní ibà." Ó kọjá lọ.

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ìpẹ̀kun pápá náà. Àgbàlagbà kan jókòó níbẹ̀ lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ kan síwájú nítorí orúnkún rẹ̀ ti kú. Bàbá Sọọ́tán ni wọ́n ń pè é, ẹnikẹ́ni kì í lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ kan wà. Orí mi! Bí Ọdẹ́rìndé ti rí i, ó fẹ́ yí ẹsẹ̀ padà. Iwájú rẹ̀ funfun, ilẹ̀kùn ọ̀tún rẹ̀ dúdú bí ewé ẹ̀fọ́, ti òsì yẹ́lò, ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó ti pọ́n jù. Ó dà bí aṣọ ọ̀tá mẹ́rin tí wọ́n rán pọ̀. Ọdẹ́rìndé fi ọkàn rò ó pé òun kò lè gbé irú nǹkan yìí kọjá níwájú ilé Ògúnkẹ́yẹ̀. Òótọ́ ló rò.

Àyọ̀ká na ọwọ́, ó gbé e lé iwájú ọkọ̀ náà. Ó tutù bí òkúta inú odò.

Ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ o, Bàbá. Kí ló ń ṣe é?"

Bàbá Sọọ́tán gbójú sókè. Ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó, ó pọ̀. Ó ń mu ọ́ìlì. Bí ẹ bá gbàgbé láti fún un, ó máa bínú sí yín. Jíà kejì rẹ̀ le lówùúrọ̀, àfi kí ẹ rọra bẹ̀ ẹ́. Bí òjò bá rọ̀, omi ń wọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn. Ó jókòó le, gbogbo kòtò lẹ máa mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, ara ọkọ̀ mẹ́rin tó kú ni mo ti yọ wọ́n."

"Kí wá ló dáa lára rẹ̀?"

"Inú rẹ̀," ni Bàbá Sọọ́tán wí. "Èmi nìkan ni mo ń tún un ṣe láti ogún ọdún. Orúnkún mi ni kò jẹ́ kí n lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ò bá tí bá mi níbí."

Àyọ̀ká kan ara rẹ̀ yí po. Gbàn, gbàn, gbàn. Kò sí pù kankan. Ó ní kí wọ́n ṣíná sí i. Ó gbọ̀n, ó ráhùn díẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí Ọdẹ́rìndé tẹ iná mọ́ ọn, ohun kan súfèé nínú rẹ̀.

"Kí ló ń súfèé yẹn?"

"Ẹ̀dọ̀fóró kejì rẹ̀ ni, òun ló ń fẹ́ atẹ́gùn kún ti ẹ́ńjìnnì. Òun ni ìdí tí ó fi kéré tó báyìí, tó sì ń fi àwọn òmìrán ṣe yẹ̀yẹ́." Bàbá Sọọ́tán dìde dúró lórí ẹsẹ̀ tó dá, ó fọwọ́ lé orí ọkọ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í bí ó ti máa ń kì í ní gbogbo òwúrọ̀:

Kúkúrú tí kò mọ ìdúró,
Aláìnídìí tí í fi onídìí ṣẹ̀sín,
Ó súfèé tán, ó ti kọjá,
Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó máa jẹ eruku.

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Kò nù ún. Ó béèrè ohun tí wọ́n mú wá, Àyọ̀ká sì tú òkúta náà láti ìdí aṣọ. Bàbá Sọọ́tán yí i lọ́wọ́, ó rí ojú àtàǹpàkò obìnrin mẹ́ta lára rẹ̀. Ó ní, "Èyí náà tutù," ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́. Kò fún Ọdẹ́rìndé o. Àyọ̀ká ló fún.

Bí wọ́n ti jókòó sínú rẹ̀, Àyọ̀ká ní, "Àwọ̀ wo ni?"

Ọdẹ́rìndé ní, "Ó… ó ní àwọ̀."

Ó ku ọjọ́ kan ṣoṣo kí oṣù parí nígbà tí wọ́n dé etí Pápá Gbalasa. Ọ̀sán gangan ni. Pápá náà lọ rẹgẹdẹ, òkìtì ọ̀gán sì kún un, òmíràn rí bí lọ́rí, òmíràn bí ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà. Ọdẹ́rìndé kò sọ ohun tó rí. Ó mí kanlẹ̀, ó tẹ iná.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí koríko ẹ̀yìn wọn fi dùbúlẹ̀. Amúnilẹ́yìn jáde. Ọdẹ́rìndé wò ó nínú gíláàsì: ọwọ́ rẹ̀ gùn tó okùn kànga, àwọn ìka rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìjì ló fi ń sáré. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó di afẹ́fẹ́ mú. Ó tún nawọ́, kò rí ibi tó máa dì mú. Ìdí kò sí níbẹ̀! Ó ké tìbínú-tìbínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sí i, ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wá.

Ọdẹ́rìndé wa ọkọ̀ náà bí ẹni tó ń wa lọ́rí igi gẹdú, ó fi jíà kan ṣoṣo há a mọ́lẹ̀.

Àyọ̀ká pariwo, "Ẹ yí jíà! Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ké ni? Ó ti sọ ohun tó fẹ́!"

Ó yí i. Ọkọ̀ náà fò síwájú.

"Ẹ má tíì yí i. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ súfèé. Ó yá báyìí! Ẹ yí i!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ọkọ ń fi ojú wa ọ̀nà, ìyàwó ń fi etí wa ẹ́ńjìnnì. Ìka Amúnilẹ́yìn ha ilẹ̀kùn yẹ́lò lára, ó fi ìlà mẹ́ta sí i. Níwájú, àpáta méjì dúró tira wọn, àlàfo tó wà láàrin wọn kò ju ẹnu ọ̀nà ilé lọ. Ọdẹ́rìndé fẹ́ tẹ bíréèkì. Ó wo Àyọ̀ká, ó rí ojú méjèèjì rẹ̀ tó funfun bí ẹfun, tó kọjú síwájú láìṣẹ́jú. Kò tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ kékeré náà wọ àárín àpáta, ó jáde lódì kejì, Amúnilẹ́yìn sì kọlu àpáta náà gbìì. Àwọn tó ń gbé ìlú tó súnmọ́ ibẹ̀ rò pé òjò fẹ́ rọ̀, wọ́n lọ kó aṣọ.

Màmá Aṣíjú kò kí wọn kú ìrìn. Ó gbé Àyọ̀ká dùbúlẹ̀, ó ta omi ewé kan sí i lójú, ó fi ìyẹ́ tó tín-ín-rín bí irun ká awọ funfun kan kúrò lójú ọ̀tún, ó ká ti òsì, ó sì fi aṣọ dúdú dì í. Ó ní kí Ọdẹ́rìndé jókòó síta. Ọdẹ tí kò sá fún ẹfọ̀n rí jókòó síta, ó ń fa koríko tu, ó ń sunkún. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ì bá sunkún.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n tú aṣọ náà. Àyọ̀ká ṣẹ́jú. Ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "Ẹ ti gbẹ." Lẹ́yìn náà ó jáde síta, ó sì rí ọkọ̀ náà.

Ó wo funfun rẹ̀, ó wo àwọ̀ ewé rẹ̀, ó wo yẹ́lò rẹ̀ pẹ̀lú ìlà mẹ́ta, ó yí lọ sí ẹ̀yìn, ó wo àwọ̀ ọsàn. Ọdẹ́rìndé ti múra bí ẹni tí wọ́n fẹ́ nà.

Ó ní, "Àyọ̀ká, mi ò lè sọ ọ́ fún ọ. Mo rò pé o ò ní í rà á."

"Mi ò bá tí rà á lóòótọ́," ni Àyọ̀ká wí. "Mo dúpẹ́ pé mi ò ríran." Ẹ̀rín gbà á lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó dákẹ́, ó na ọwọ́. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ wà á lọ sílé."

"O ò wa mọ́tò rí láyé rẹ!"

"Ta ló ń sọ ìgbà tẹ́ ẹ máa yí jíà fún yín? Ta ló rà á? Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, Bàbá Ìyíọlá."

Ẹ gbọ́ mi, mo ti rí ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé n ò sí nínú ọkọ̀ yẹn. Ó tẹ iná. Ó gba àárín àpáta méjì náà kọjá láìdẹwọ́. Amúnilẹ́yìn dìde, ó rí i tó ń bọ̀, kò sì tíì rí ọkọ̀ tó dojú kọ ọ́ tààrà rí. Ojú tì í, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, Àyọ̀ká sì fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí kòtò tí kò bọ́ sí. Ó ń kọrin. Ó ń pe orúkọ gbogbo ohun tó ń rí: igi, ẹyẹ, òkè, ewúrẹ́, ẹ wo ewúrẹ́! Ọdẹ́rìndé di ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá mú, ó di ojú rẹ̀ pinpin, ó sì ń gbàdúrà sí ẹnikẹ́ni tó bá lè gbọ́.

Mo wà lẹ́nu ilé mi nígbà tí ọkọ̀ aláwọ̀ mẹ́rin náà kọjá, tó sì dúró níwájú ilé wọn. Ẹ́ńjìnnì kú. Eruku ṣì ń rọlẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Àyọ̀ká ketekete.

"Bàbá Ìyíọlá, ẹ lajú. A ti délé."

Títí dòní, Ọdẹ́rìndé ní òun kò dijú.